Ilẹ̀ Madaamu Kì í Ṣe Títà

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kí ọ̀gá mi, àwa méjèèjì la jọ ń wá nǹkan tí kò sọnù.

Mo kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Mà." Madaamu Zélì ti dàgbà, ojú wọn méjèèjì ti ṣú, wọn ò rí ju òjìji èèyàn lọ. Wọ́n rí i pé ẹnì kan lọ sílẹ̀ wìì níwájú wọn, wọ́n bá rò pé yẹtí mi ló já bọ́. Kí n tó lanu, ìyá ti kúnlẹ̀ tiwọn náà, wọ́n ń fọwọ́ wá ilẹ̀ kiri. Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, ṣé ọmọ Yorùbá máa dìde kí àgbàlagbà tó dìde ni? Bí a ṣe wà lórí orúnkún nìyẹn títí Àǹtọ́nì tó ń wa ọkọ̀ ojú omi wọn fi wọlé, tó ní kí ló sọnù. Mo ní n ò mọ̀. Madaamu ní àwọn náà ò mọ̀.

Erékùṣù kékeré kan ni, láàárín òkun tó jìnnà sí Èkó débi pé màmá mi bi mí bóyá oòrùn tiwa yìí náà ló ń ràn níbẹ̀. Kékeré tí mo wí yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Tí o bá jẹun àárọ̀ tán, tí o bẹ̀rẹ̀ sí í rìn létí omi, wàá ti yí gbogbo ẹ̀ po kí oòrùn tó kanrí, wàá sì ti kí gbogbo ẹni tó ń gbé ibẹ̀ àti ajá wọn. Madaamu ni wọ́n ń ṣọ́ igi àti koríko ibẹ̀, bó ṣe ń hù, bó ṣe ń kú, èwo ló ń pọ̀ sí i, èwo ló ń tán lọ. Èmi ni mo ń gbálẹ̀, tí mò ń fọṣọ, tí mò ń se oúnjẹ. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ní kí n fi ṣe é wò. Tó bá pé, Madaamu á kọ lẹ́tà: yálà kí n dúró, tàbí kí n máa lọ sílé.

Ilé kẹ̀? Gbogbo àdúgbò wa ní Ìkòsì ló ti ṣàdúrà ìdágbére fún mi! Pásítọ̀ gbàdúrà, Àlùfáà gbàdúrà, bàbá tó ń ṣe bàtà ní Kétu gbàdúrà tó gùn ju tàwọn méjèèjì lọ. Tí mo bá padà dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, báwo ni màá ṣe máa kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá yẹn? Ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì wà tó já sí títì.

Ohun tó kọ́kọ́ kó mi láyà jẹ ni bí ibẹ̀ ṣe dákẹ́. Ní Ìkòsì, ilé wa wà láàárín ṣọ́ọ̀ṣì kan, mọ́ṣáláṣí kan àti ilé ìlọta kan, jẹnẹrétọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ní ohùn tiẹ̀. Mo mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó ń wúkọ́ àti èyí tó ń kùn. Ní erékùṣù, tí mo bá dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án, àyà ara mi ni màá máa gbọ́ tó ń lù, èmi á sì dìde lọ ṣí ilẹ̀kùn, mo rò pé ẹnì kan ń kànkùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣí ilẹ̀kùn fún àyà mi lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ohun kejì ni gúáfà. Mo jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá Àǹtọ́nì pẹ̀lú àdá, ó ń gé igi gúáfà tó so wìtìwìtì, ó ń dáná sun ún. Mo ké, "Kí ló ṣe ọ́?" Ó ní kì í ṣe igi ibẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn tó kọ́kọ́ tẹ erékùṣù náà dó gé igbó ibẹ̀ lulẹ̀ láti gbin àgbọn. Nígbà tí àgbọn ò mówó wọlé mọ́, wọ́n kó ẹrù wọn lọ, wọ́n fi òkè sílẹ̀ lásán. Gúáfà tí wọ́n gbé wá nínú ọkọ̀ fún jíjẹ ló wá bímọ kún gbogbo ibẹ̀, tí kò jẹ́ kí igi onílẹ̀ rí oòrùn. Mo gbọ́, ó yé mi. Ṣùgbọ́n gúáfà tí a máa ń gun fẹ́ńsì oní-fẹ́ńsì torí ẹ̀ nígbà èwe, òun ló wà nílẹ̀ yẹn, tó pọ́n, tó ń ta sánsán. Mo ṣa kún ìró mi, mo sì jẹ gbogbo ẹ̀ tán. Inú mi le gbagidi fún ọjọ́ mẹ́ta, mi ò sì lè sọ ohun tó ṣe mí fún ẹnikẹ́ni.

Orí àpáta kan ṣoṣo lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń pe màmá mi, tí wọ́n ń ta ewé ní Mile 12: ewé mọ́ínmọ́ín, ewé ẹ̀kọ, ewé àgbo lóríṣiríṣi. Màmá mi gbà pé bí èèyàn bá ṣe jìnnà tó ló yẹ kéèyàn pariwo tó. Èmi náà ń pariwo padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ará erékùṣù tó ń gbọ́ wa ti ń bi mí, "Ìjà yẹn ti parí?"

"Màámi, wọ́n ní gúáfà kì í ṣe ọmọ ibí, wọ́n ń sun ún níná!"

"Gúáfà! Kí ló jí?"

"Kò jí nǹkan kan, Mà. Wọ́n ní ó pọ̀ jù. Madaamu tiẹ̀ ní kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ tiwa náà, wọ́n ní òkè òkun ló ti wá bá wa."

Mo ń gbọ́ àwọn alábàárù tó ń pariwo "àgò lọ́nà" lẹ́yìn màmá mi.

"Gúáfà tó wà lẹ́yìnkùlé ìyá ìyá mi? Sọ fún Madaamu pé ó ti bímọ lọ́dọ̀ wa, ó ti bí ọmọ ọmọ, ó ti sin òkú. Kò sí ibì kankan tó ń lọ mọ́."

Mo jíṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán mi. Madaamu rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn tèmi. Ọdún mélòó ni èèyàn máa lò níbì kan kí wọ́n tó dẹ́kun pípè é ní àjèjì? Màmá mi fúnra wọn, Òkè-Ògùn ni wọ́n ti wá sí Ìkòsì. Wọ́n ti lo ogójì ọdún níbẹ̀, wọ́n ti bí wa síbẹ̀, síbẹ̀ tí ìjà bá dé lórí omi ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ìyá onílé á sọ ni pé, "Ẹ̀yin ará òkè wọ̀nyí." Ó ń dùn wọ́n. Wọn kì í sọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀.

Kí n má parọ́, koríko ni ọ̀rẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ní níbẹ̀. Àwọn èèyàn dáa, ṣùgbọ́n ojú ò tíì mọ ojú. Ọjọ́ kan ni mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà, mo rí imí eṣú. Imí eṣú tó wà lẹ́yìn ilé wa! Mo ní, "Ìwọ náà dé ibí?" Ká tó ṣẹ́jú, mo rí patanmọ́, tí a máa ń sọ fún nígbà èwe pé ọkọ ẹ̀ ń bọ̀, táá sì pa ewé ẹ̀ dé wéré. Mo sọ fún un, ó pa ewé dé. Inú mi dùn bíi pé mo pàdé ará ilé. Mo rí àbámọdá, mo rí gbúre tó hù kún ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná tí wọ́n kàn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo já gbúre, mo sè é pẹ̀lú ẹja gbígbẹ. Madaamu jẹ ẹ́, wọ́n ní kí n tún bù sí i, wọ́n ní irú ewé wo nìyí. Mo ní èyí tí ẹ ti ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí yín ni, Mà. Àǹtọ́nì fi ìka lá abọ́ tiẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára pé n kò wá ṣòfò.

Ohun tó wá kó mi sí wàhálà rèé. Lára ògiri ọ́fíìsì Madaamu, fọ́tò kún ibẹ̀ lórí ìlà, láti igun dé igun. Òkè kan náà ni gbogbo wọn. Ọdọọdún ni wọ́n ń dúró sórí òkúta kan náà tí wọ́n ń ya á. Nínú ti àkọ́kọ́, Madaamu jẹ́ ọmọge, wọ́n dúró ti olùkọ́ wọn tó ti kú báyìí, àgbọn gbígbẹ ló wà lẹ́yìn wọn. Bó o ṣe ń bọ̀, àgbọn ń tán, gúáfà ń gorí òkè bí ẹni ń fa aṣọ bora. Ìwé ńlá kan tún wà lórí tábìlì tí wọ́n ń kọ nǹkan sí lọ́dọọdún. Nísàlẹ̀ òkè, ẹ̀gbẹ́ ilé, ilẹ̀ kan wà tí wọ́n ri irin mẹ́rin sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀, tí wọ́n ta okùn yí ká. Inú okùn yẹn, igbó ni! Igbó tó ga jù mí lọ.

Ẹ̀yin ará Ìkòsì, ẹ dájọ́. Fọ́tò ilẹ̀, ìwé ilẹ̀, irin mẹ́rin, okùn. Kí lẹ máa rò? Èmi ò bi ẹnikẹ́ni. Mo ti mọ̀ pé ẹjọ́ ilẹ̀ wà ní kóòtù, ojú sì ń ti ìyá láti sọ ọ́.

Àánú wọn ṣe mí gan-an, torí irú ẹ̀ ṣe bàbá mi. Jórinjórin ni bàbá mi ní Kétu. Wọ́n ra ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì ní Ìkòsì nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó àti àbàtà. Wọ́n ri òpó mẹ́rin, wọ́n ta okùn yí i ká, wọ́n dúró de ìgbà tí ọwọ́ á tún dẹ̀. Òjò ọdún méjì rọ̀ sórí ilẹ̀ náà, igbó bò ó. Ọjọ́ tí wọ́n padà débẹ̀, ìpìlẹ̀ ilé ẹlòmíì ni wọ́n bá, àwọn bíríkìlà ń jẹ ẹ̀bà lórí ẹ̀. Wọ́n sáré lọ bá ẹbí tó ta ilẹ̀. Olórí ẹbí wò wọ́n tìyanu-tìyanu, wọ́n ní, "Ha, ẹ ṣì wà láyé? Igbó la rí, a rò pé ẹ ti kú ni." Bàbá mi ò ra ilẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi kú lóòótọ́.

Láti ọjọ́ náà ni màmá mi ti gbé òfin kalẹ̀: ilẹ̀ tí okùn bá yí ká, kò gbọdọ̀ hu igbó. Tí aládùúgbò bá rìnrìn àjò, àwa ọmọ la máa gbé àdá lọ ro ilẹ̀ ẹ̀ fún un, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹni tó ni ín ṣì ń mí. Òfin kejì sì wà, ti oníṣòwò ewé. A kì í da ohun tí a fà tu nù. Àá yà wọ́n sọ́tọ̀ lórúkọ-lórúkọ, àá dì wọ́n ní ìdì-ìdì, màmá mi á gbé èyí tó bá wúlò lọ Mile 12. "Èyí tí o ò bá mọ orúkọ ẹ̀," wọ́n á ní, "má fà á tu. O ò mọ ọmọ ẹni tó jẹ́."

Nígbà tí oṣù kẹta mi wọlé, dókítà ní erékùṣù ńlá ránṣẹ́ pé kí Madaamu wá ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ní kí n mú àwọn gun òkè lọ sídìí igi kan, igi àgbà tí ara ẹ̀ rí hánránhánrán. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e bí ẹni gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn ìyá ẹ̀.

"Òun nìkan ló kù nínú irú ẹ̀ ní òkè yìí," ni wọ́n wí. "Ọdọọdún ló ń so. Èso ń já bọ́, ọmọ kan ò hù, gúáfà ò jẹ́. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge ni mo ti ń wá ọmọ ẹ̀. Tí wọ́n bá la ojú yìí, tí mo fi rí ẹyọ kan ṣoṣo tó hù fúnra ẹ̀, ó tó mi."

Mo ní, "Ẹ máa rí i, Mà. Lágbára Ọlọ́run."

Wọ́n ní kí n máa bá àwọn tọ́jú ilé. Àǹtọ́nì fi ọkọ̀ gbé wọn lọ, ó ku èmi nìkan.

Ọjọ́ kẹta, ọkọ̀ àwọn àlejò tó máa ń wá wo etí òkun dé. Ọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀ nínú ẹ̀, bàtà ẹ̀ ń dán. Ó rìn wá sídìí okùn Madaamu, ó yọ fóònù, ó ń ya igbó yẹn ní fọ́tò. Ó yà á lápá ọ̀tún, ó yà á lápá òsì. Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná. Ọkùnrin tí bàtà ẹ̀ ń dán, tó ń ya igbó onígbó ní fọ́tò, tí onílé ò sí nílé! Mo jáde sí i pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹni tó ni ilẹ̀ yìí ṣì wà láàyè o!" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó juwọ́ sí mi, ó lọ. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló wá jẹ́ kó dá mi lójú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó mú, mo gbé àdá Àǹtọ́nì. Mo ro ilẹ̀ náà láti irin dé irin. Mo gé gúáfà, mo hú gbòǹgbò ẹ̀. Mo fa imí eṣú, mo fa gbúre, mo fa patanmọ́ tó fi ẹ̀gún ya mí lọ́wọ́. Mo ń bẹ̀ wọ́n bí mo ṣe ń fà wọ́n, mo ní ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Mo yà wọ́n sọ́tọ̀, mo dì wọ́n, mo tò wọ́n sẹ́yìn ilé ìdáná. Àwọn kéékèèké kan wà nísàlẹ̀ tí n ò mọ orúkọ wọn, mo fò wọ́n. Mo gbá ilẹ̀ tó kù mọ́ féfé. Mo wá pákó, mo wá ọ̀dà, mo fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ohun tí bàbá mi máa ń kọ: ILẸ̀ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ẹ ṢỌ́RA FÚN GBÁJÚẸ̀. Mo fi òkúta gbá a mọ́ ilẹ̀. Mo dúró, mo wò ó, omi bọ́ lójú mi, mo ní ká ní a ṣe báyìí fún bàbá mi ni.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ wọn gúnlẹ̀, mo ti wẹ̀, mo ti wọṣọ, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó mi. Àǹtọ́nì ló kọ́kọ́ rí i. Ó fi àpò tó gbé sílẹ̀, ó ká ọwọ́ méjèèjì lérí. Madaamu ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú jígí dúdú.

"Ẹ káàbọ̀, Mà!" ni mo pariwo. "Wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ yín, mi ò gbà fún wọn!"

Madaamu yọ jígí. Wọ́n wo ilẹ̀ náà láti irin dé irin. Wọ́n ka pákó náà sókè, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ iléèwé. Wọ́n wá rọra bi mí pé, "Ta ló fẹ́ rà á?"

Mo ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé bàtà tó ń dán, mo ṣàlàyé fọ́tò. Àǹtọ́nì ní, "Ọkùnrin yẹn? Mo bá a pàdé ní èbúté. Ẹyẹ ló ń yà!"

Madaamu wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Àǹtọ́nì ló jókòó tì mí, tó sọ ọ́ fún mi. Ilẹ̀ inú okùn yẹn, láti ìgbà tí Madaamu ti wà lọ́mọge, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án rí. Ewúrẹ́ ò wọ ibẹ̀, ọmọdé ò wọ ibẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń ka gbogbo ohun tó bá hù níbẹ̀, tí wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n lè mọ ohun tí erékùṣù náà máa dà tí èèyàn ò bá dá sí i. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń wá ọmọ igi àgbà yẹn. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló yẹ kí wọ́n kà á, Madaamu fẹ́ fi ojú tuntun kà á.

"Igbó yẹn gan-an niṣẹ́ náà," ni Àǹtọ́nì wí. "O ro iṣẹ́ wọn."

Ó bi mí ìdí tí n ò fi béèrè. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹ̀rù bà mí, ojú tì mí, mo fẹ́ kí ilẹ̀ là kí n wọlé, mo tún rántí pé ọ̀rọ̀ èmi àti ilẹ̀ ibẹ̀ ti tó bẹ́ẹ̀. Mo se oúnjẹ, Madaamu ò jẹ ẹ́. Mo wọ yàrá, mo kó aṣọ mi sínú báàgì. Mo ti ń ronú ohun tí màá sọ fún bàbá oníbàtà.

Nírọ̀lẹ́, mo gun àpáta lọ. N ò lè pariwo lọ́jọ́ yẹn, ni màmá mi bá mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Mo rò ó fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ń retí kí wọ́n bú mi.

"Èyí tí o ò mọ̀ ńkọ́?" ni wọ́n bi mí. "O fà á tu?"

"Rárá, Mà. Mo fò wọ́n."

"Wọ́n wà níbẹ̀?"

"Wọ́n wà níbẹ̀."

"Kí lo wá ń wá lórí àpáta? Lọ mú ìyá yẹn lọ́wọ́, kó lọ wo èyí tó kù."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà Madaamu. Wọ́n ṣílẹ̀kùn. Lọ́tẹ̀ yìí wọn ò wá nǹkan kan nílẹ̀.

"Dìde," ni wọ́n wí. "Mo rí ẹ."

Mo ní, "Mà, mo ṣẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo èyí tí n ò fọwọ́ kàn."

Wọn ò fẹ́ lọ. Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi mú ọ̀pá. A dé ibẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tí mo gbá, èmi náà kúnlẹ̀. Wọ́n fi ìka kan ewéko kékeré kan, wọ́n pè é lórúkọ. Wọ́n kan òmíì, wọ́n pè é lórúkọ. Wọ́n wá dé ọ̀dọ̀ kan tí kò ju ìka ọwọ́ mi lọ, tí ewé orí ẹ̀ pọ́n, tó ń dán. Ọwọ́ wọn dúró. Wọ́n tẹ orí ba títí imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Wọ́n wo òkè, ọ̀dọ̀ igi àgbà yẹn, wọ́n tún wo ilẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà gbèrè lórí orúnkún láti èyí dé òmíì.

"Méje," ni wọ́n wí. "Méje ni wọ́n. Gbogbo ọdún tí mo ti ń wá wọn."

Madaamu sunkún. Èmi náà sunkún. Àǹtọ́nì dúró síta okùn, ó ń bú ẹ̀fọn pé ó kó sí òun lójú.

Nígbà tó yá, Madaamu yíjú sí mi. "Kí ló dé tí o fi fi ìwọ̀nyí sílẹ̀?"

"N ò mọ orúkọ wọn, Mà."

"Àwọn tí o fà tu ńkọ́?"

"Gbogbo wọn ni mo mọ̀. Wọ́n wà nílé wa."

Madaamu wò mí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Kò yé mi, àfìgbà tí Àǹtọ́nì sọ ọ́: gbogbo èyí tí mo mọ̀, àlejò ni wọ́n, èyí tí n ò mọ̀, àwọn ni onílẹ̀. Inú mi dùn pé mo ṣe rere láìmọ̀, ó sì tún bà jẹ́. Àwọn tí mo ti ń kí lójú ọ̀nà, tí mo ń pè ní ará ilé, àwọn náà ni mo dì ní ìdì-ìdì sẹ́yìn ilé ìdáná.

Ẹ̀rín Madaamu dá wáí.

"Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yìn ọ́ o," ni wọ́n wí. "Wọ́n hù fúnra wọn lábẹ́ gúáfà, ìyẹn tó mi. Ṣùgbọ́n bóyá wọn ì bá borí gúáfà, a ò ní mọ̀ mọ́ láé. O ti bà á jẹ́. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Mà."

"Níbo ni àwọn tí o fà tu wà?"

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi ní kí èmi àti Àǹtọ́nì tú gbogbo ìdì yẹn, kí á ka ohun tó wà nínú wọn lẹ́yọ-lẹ́yọ. Ẹ̀yìn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dá. Àǹtọ́nì ń bi mí pé kí ni òun ṣe. Madaamu jókòó tì wá, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n gbà pé kò sẹ́ni tó yà á sọ́tọ̀ tó mọ́ tóńtó bẹ́ẹ̀ fún àwọn rí, wọ́n sì ń bínú bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Nínú ìwé ńlá yẹn, ìlà kan wà lábẹ́ ọdún kọ̀ọ̀kan: ẹni tó fọwọ́ kan ilẹ̀ náà. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọdún lé ọdún, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ti ń kọ: "Kò sí." Madaamu ti kálámù sí mi. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ mi àti ibi tí mo ti wá. Mo kọ orúkọ mi, mo kọ ọ́: Ìkòsì, Kétu, Èkó. Mo wá láti ọ̀nà jíjìn, mo fẹ́ kí ibẹ̀ mọ̀ pé mo wá, ibi tí orúkọ mi sì ti kọ́kọ́ wọ ìwé wọn, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Mo rò pé ohun tó kẹ́yìn tí màá ṣe níbẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́tà mi dé tábìlì ìdáná ní ìparí oṣù. N ò lè ṣí i, Àǹtọ́nì ló ṣí i. Ìlà méjì péré ni. Ti àkọ́kọ́ ní kí n dúró. Ìkejì ní wọn ò gbọdọ̀ fi èmi àti àdá sílẹ̀ nínú ọgbà kan náà.

Mo sáré gun àpáta. Mo pariwo lọ́jọ́ yẹn débi pé àwọn tó wà létí òkun dìde dúró. Màmá mi náà pariwo, wọ́n sọ fún gbogbo ìsọ̀ ewé ní Mile 12. Bàbá oníbàtà ránṣẹ́ pé àdúrà òun ni.

Ọdún kan ti yí po báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá la tún ka ilẹ̀ náà. Madaamu wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn, ìwé wà lórí itan wọn. Èmi ni mò ń pe orúkọ, Àǹtọ́nì ń wọn gíga. Márùn-ún ló kù nínú méje yẹn, wọ́n ti dé orúnkún mi. Gúáfà tuntun ti ń yọ orí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo rí i, mo kí i, n ò fọwọ́ kàn án. Pákó mi ṣì wà níbẹ̀. Madaamu ò jẹ́ kí wọ́n hú u, àwọn àlejò máa ń dúró tì í ya fọ́tò.

Nígbà tí a kà á tán, Madaamu gbé kálámù. "Ta ló fọwọ́ kan ilẹ̀ yìí lọ́dún yìí?"

"Kò sí, Mà."

Wọ́n gbé ojú sókè. Ojú wọn ti ríran dáadáa báyìí, ìyẹn gan-an ni wàhálà mi. Wọ́n wò mí, wọ́n wo abẹ́ okùn, wọ́n tún wò mí.

"Ó dá ẹ lójú?"

Mo wo ẹsẹ̀ mi. "Ìta okùn nìkan ni mo gbá, Mà."

Madaamu mí kanlẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìwé náà, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.